Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Mẹ́tàdínlógójì: Àgbéyẹ̀wò Góòlù Yẹkínì, Ọdẹ́gbàmí àti Osimhen

Láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí ní Òkè-Ògùn, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wo bọ́ọ̀lù, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu: ṣé Victor Osimhen ti ju Ràṣídì Yẹkínì lọ ni, àbí kò tíì jù ú? Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí kíá yóò ní ká ka iye. Góòlù 37 ni Yẹkínì gbá wọlé fún Nàìjíríà. Nígbà tí Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ti 2025 fi parí ní Morocco ní oṣù Kìíní 2026, Osimhen ti ní 35. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí àwọn tó ti gbọ́njú ní 1980 kò ní gbà kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú 23. Bó bá jẹ́ iye nìkan la fẹ́ wò, a kàn máa dúró de góòlù mẹ́ta sí i ni, ẹjọ́ ti tán.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Góòlù kì í dédé di iye. Ẹnìkan ló kà á, òfin kan ló fi kà á, àwọn kan ló gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a, àwọn kan ló sì dúró níwájú rẹ̀ láti dí i lọ́nà. Kí a tó sọ pé 37 ju 35 lọ, tàbí pé 38 yóò ju 37 lọ, ó yẹ ká tú nǹkan wọ̀nyí wò ní ìkọ̀ọ̀kan.

Góòlù mélòó nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá?

Kò sí oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa wọ ọjà Ìṣẹ́yìn, kó sì máa ra aṣọ òfì nípa kíka iye ọ̀já nìkan. Yóò wo fífẹ̀ rẹ̀, yóò sì fọwọ́ pa òwú rẹ̀ wò. Fífẹ̀ góòlù ni iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi gbá a. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 58 ni ọ̀pọ̀ ìwé kọ fún Yẹkínì. Èyí túmọ̀ sí pé nínú mẹ́wàá tó bá gbá, góòlù mẹ́fà ó lé díẹ̀ ló ń wọlé. Ọdẹ́gbàmí gbá 46, márùn-ún nínú mẹ́wàá géérégé ni tirẹ̀. Osimhen ti gbá nǹkan bí àádọ́ta, tirẹ̀ sì sún mọ́ méje nínú mẹ́wàá. Yakubu Aiyegbeni, tó ní góòlù 21, lo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 57 kó tó kó wọn jọ, kò sì tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Níbi tí a bá ti pín in báyìí, Osimhen ló wà níwájú, àmọ́ àlàfo àárín òun àti Yẹkínì kéré. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìpín yìí nìkan dá ẹjọ́ yóò bá Nwankwo Kanu pàdé lójú ọ̀nà. Kanu wọ aṣọ Nàìjíríà ju ìgbà ọgọ́rin lọ, góòlù rẹ̀ kò sì tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Síbẹ̀ òun ló ṣáájú ikọ̀ tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ẹni tó bá pe Kanu ní aláìmọ̀ọ́gbá nítorí iye yìí, àfi kó wá ibòmíràn gbé e gbà.

Ta ló kà á, kí ló kà?

Iye tí a ń jiyàn lé lórí gan-an kò dúró sójú kan. Àwọn ìwé kan kọ 62 dípò 58 fún Yẹkínì. Àwọn kan kọ góòlù 22 fún Ọdẹ́gbàmí, àwọn kan kọ 23. Kì í ṣe pé ẹnìkan ń parọ́. Ó sinmi lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí olùkọ̀wé gbà pé ó jẹ́ ti ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè gan-an, àti èyí tó kà sí ti ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ tí kò lákọsílẹ̀.

Bí òfin kíkà ṣe lè fi ẹnìkan jọba kó sì rọ ẹlòmíràn lóyè hàn kedere nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní running back ló ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, tí yóò sì fi sáré la àárín àwọn alátakò kọjá. Yáàdì tó bá sá ni wọ́n ń kà fún un, bí àwa ṣe ń ka góòlù fún atamátàsé. Ron Dayne ti Yunifásítì Wisconsin parí eré rẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú yáàdì 6,397. Ní oṣù Kejìlá 2016, Donnel Pumphrey ti San Diego State parí pẹ̀lú 6,405. Yáàdì mẹ́jọ péré ló fi jù ú, òun ni ìwé sì kọ sókè. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2002 tó dé, àjọ NCAA tó ń darí eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ka bowl, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ń kádìí ọdún, mọ́ àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Láti 2002 ni wọ́n ti ń kà á, wọn kò sì padà sẹ́yìn lọ tún ti àwọn ará ìṣáájú ṣe. Bí wọ́n bá ka bowl Dayne mọ́ tirẹ̀, 7,125 ni ìbá ní. Ó sá ju Pumphrey lọ ní ohun tó lé ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin yáàdì, òun náà ló sì wà nísàlẹ̀ nínú ìwé.

Irú rẹ̀ tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní 2024. Ashton Jeanty ti Boise State sá yáàdì 2,601 ní ọdún kan ṣoṣo, ó kù díẹ̀ kó bá 2,628 tí Barry Sanders sá ní 1988. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ni Jeanty gbá. Mọ́kànlá ni wọ́n kà fún Sanders, 222 tó sá nínú bowl kò sì sí nínú rẹ̀. Boise State yìí kan náà ni Jay Àjàyí, ọmọ tí àwọn òbí tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí sí London, ti sá 1,823 ní 2014. Bí ẹnìkan bá fẹ́ fi Àjàyí wé Sanders, ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni “mélòó ni?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “ṣé òfin kan náà ni wọ́n fi ka ti àwọn méjèèjì?”

Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Ní 2012, gbogbo ayé ń yin Lionel Messi pé ó gbá góòlù 91 ní ọdún kan, pé ó ti bo 85 tí Gerd Müller gbá ní 1972 mọ́lẹ̀. Àjọ bọ́ọ̀lù Zambia dìde, wọ́n ní Godfrey Chitalu tiwọn gbá 107 ní 1972 kan náà. FIFA fèsì pé àwọn kò lè jẹ́rìí sí i, nítorí pé àwọn kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdíje abẹ́lé. Chitalu fúnra rẹ̀ kò sí láyé mọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Zambia nígbà tí bàálù ikọ̀ náà já sómi ní Gabon ní oṣù Kẹrin 1993. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ikọ̀ tuntun tí Zambia ṣẹ̀ṣẹ̀ tò jọ ló bá Yẹkínì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ní àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé àwọn tó ní ìwé, kò sí bó ṣe gbá a tó tí wọn yóò fi kà á.

Àǹfààní tí oníkálukú rí

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti nípọn jù nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 títí di Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 1998 ní Faransé ni Yẹkínì fi wọ aṣọ Nàìjíríà. Bí a bá pín 58 sórí àwọn ọdún náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin lọ́dún ni. Osimhen bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tirẹ̀ sì ju márùn-ún lọ lọ́dún. Ìdíje ti pọ̀ sí i láàárín àwọn méjèèjì. Títí di 1990, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ péré ló ń lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ó di méjìlá ní 1992, mẹ́rìndínlógún ni ètò 1996 gbà, láti 2019 ó ti di mẹ́rìnlélógún. Orílẹ̀-èdè tí ìbá jókòó sílé láyé ọjọ́un ti wà lórí pápá báyìí, wọ́n sì ń kó góòlù fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá.

Ìṣèlú náà tún bù lára àǹfààní Yẹkínì. Ní 1996, ìjọba Sani Abacha ní kí Nàìjíríà má lọ sí South Africa, bẹ́ẹ̀ àwọn ló gba ife tó ṣáájú. Àjọ CAF fi ìyà jẹ Nàìjíríà, wọn kò jẹ́ kó kópa ní 1998. Ìdíje méjì ló bọ́ mọ́ Yẹkínì lọ́wọ́ báyìí, láìjẹ́ ẹ̀bi ẹsẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, góòlù 13 ló ní nínú Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Samuel Eto'o tó ní 18 àti Laurent Pokou tó ní 14 nìkan ló jù ú. Òun ló gbá jù ní 1992, òun náà ló tún gbá jù ní 1994 nígbà tí Nàìjíríà gba ife ní Tunisia, góòlù márùn-ún ló fi ṣe é. Góòlù Osimhen nínú ìdíje yìí kan náà kò tíì tó ìdajì 13 náà.

Ti Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, ní Dallas, Finidi George gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, ó tì í wá sáàárín, Yẹkínì sì fi ẹsẹ̀ kàn án wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọnú ilé góòlù, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń sunkún, ó ń pariwo. Nàìjíríà fi 3-0 na Bulgaria lọ́jọ́ náà, Bulgaria yìí kan náà ló sì padà dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Osimhen kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ghana dí Nàìjíríà lọ́nà ní Abuja ní oṣù Kẹta 2022. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ní Rabat, DR Congo fi pẹ́nárítì lé wọn padà, lẹ́yìn tí Osimhen ti fara pa tó sì ti jáde láàárín méjì eré. Ẹni tó bá ń fi èyí bu Osimhen kò ṣe òótọ́; ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò gbá, a kò lè kà á.

Ta ló dúró níwájú rẹ̀, ta ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ní oṣù Kẹfà 2022, Nàìjíríà fi 10-0 na São Tomé àti Príncipe, Osimhen gbá mẹ́rin. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Uyo, ó tún gbá mẹ́ta sáwọ̀n orílẹ̀-èdè kan náà. Méje nìyẹn, ìdá márùn-ún gbogbo góòlù tó ní. Àwọn tó fẹ́ràn Yẹkínì máa ń di èyí mú bí ẹni mú olè. Wọ́n gbàgbé pé òfin ìdíje ló gbé São Tomé síwájú rẹ̀, pé àwọn atamátàsé mìíràn wà lórí pápá lọ́jọ́ náà, òun ló sì gbá mẹ́rin. Wọ́n tún gbàgbé pé ní oṣù Kẹwàá 2025, nígbà tí omi dé ọrùn, mẹ́ta ló gbá sáwọ̀n Benin, ó sì fi méjì kún un níwájú Gabon ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ọ̀tá tí kò lágbára nìkan ló ń pa.

Ní ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, orí bá Yẹkínì ṣe é. Finidi wà lápá ọ̀tún, Emmanuel Amuneke wà lápá òsì, Daniel Amokachi wà nítòsí, Jay-Jay Okocha sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe níbi tí kò ti sí wọn. Ní Portugal, Vitória de Setúbal kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Yẹkínì gbá góòlù 34 fún wọn ní ìpele kejì ní 1992/93, wọ́n gòkè. Lọ́dún kejì ó gbá 21 ní ìpele kìíní, òun ló gbá jù ní gbogbo Portugal, Benfica, Porto àti Sporting ń wò ó. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, ní 1993. Osimhen gbá 26 fún Napoli ní 2022/23, wọ́n gba líìgì Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 33, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá góòlù jù nínú líìgì náà. Níbí, èmi fún Osimhen ní ipò iwájú: líìgì Ítálì le ju ti Portugal lọ, ó sì gba ife wálé.

Ojú àti etí

Ohun kan wà tí kì í hàn nínú àkọsílẹ̀ kankan. Góòlù Osimhen wà nínú fóònù gbogbo ọmọ tó ní dátà. Ti Ọdẹ́gbàmí kò sí níbẹ̀. Rédíò ló gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dé Òkè-Ògùn. Ernest Okonkwo tó ń ṣàlàyé eré lórí afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ ní “Mathematical”, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá dúró díẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn, irú èyí lẹ máa gbọ́:

“Bàbá, ẹ wo fóònù mi. Ẹ wo bó ṣe fò sókè. Ṣé Ọdẹ́gbàmí lè ṣe báyìí?”

“Ọmọ mi, ìwọ rí tìrẹ, èmi gbọ́ tèmi. Ta ló sọ fún ẹ pé ojú ju etí lọ?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ lè bù mọ́ ọn.”

“Algeria kò bù mọ́ ọn. Méjì ló gbá sáwọ̀n wọn.”

Bàbá náà jàre dé ibi tó dé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 1980, ní Surulere, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì, Múdà Láwàl gbá ẹ̀kẹta, Nàìjíríà fi 3-0 na Algeria, wọ́n sì gba Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú àwọn mẹ́ta tí a ń wò, òun nìkan ló gbá góòlù nínú àṣekágbá tí Nàìjíríà ti gba ife. Òun náà ló kàwé ní Pólì Ìbàdàn, tó sì lo gbogbo ayé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní Shooting Stars, ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà wálé ní 1976, tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Yẹkínì náà wọ aṣọ ẹgbẹ́ yìí kó tó kọjá sí Abíọ́lá Babes ní Abẹ́òkúta.

Ọmọ náà kò sì jẹ̀bi. Ohun tí a gbọ́ kò ní àtúnwò. A máa ń rántí èyí tó wọlé, a kì í rántí èyí tó lọ sí ìta. Fóònù náà sì ní àbùkù tirẹ̀, góòlù nìkan ni wọ́n ń gé síbẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ìwé ni a nílò.

Ọ̀ràn ìwé yìí tún bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Bí a bá béèrè pé ta ló gbá góòlù jù fún Nàìjíríà, tí a kò sì fi “ọkùnrin” kún un, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe Yẹkínì, kì í ṣe Osimhen. Perpetua Nkwocha ni. Àkọsílẹ̀ tó wọ́pọ̀ fún un ni 80 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 99. Nínú àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin ní 2004, òun nìkan gbá mẹ́rin nínú márùn-ún tí Nàìjíríà fi na Cameroon.

Tilé ńkọ́?

Nínú ìdíje ilé-ìwé àti ti àdúgbò ní Òkehò, Ìgbòho, Kíṣí tàbí Tedé, ìwé tó wúlò kò ju ìlà mẹ́fà lọ: ọjọ́, pápá, irú ìdíje, alátakò, ìṣẹ́jú tí góòlù wọlé, orúkọ ẹni tó gbá a. Kí wọ́n fi orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún un ṣe ìkeje. Olùkọ́ eré ìdárayá kan pẹ̀lú ìwé àjákọ lè ṣe é. Ọmọ tó bá gbá ogójì góòlù láàárín ọdún mẹ́ta kò ní máa fi ẹnu lásán sọ ọ́ bó bá dé iwájú àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò agbábọ́ọ̀lù, kò sì ní sí ẹni tó máa ṣe é bí FIFA ṣe ṣe Chitalu.

Ìdájọ́

Ọ̀nà méjì ni mo pín ẹjọ́ yìí sí. Lọ́jọ́ tí Osimhen bá gbá góòlù kejìdínlógójì, oyè ẹni tó gbá góòlù jù fún ikọ̀ ọkùnrin Nàìjíríà di tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún fi São Tomé rọ ọ́ lóyè, nítorí òfin kan náà ni wọ́n fi ka ti àwọn méjèèjì. Nínú bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ní Yúróòpù, ó ti lọ síwájú ná.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé ta ni atamátàsé tó ga jù, Yẹkínì ṣì ni. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ díẹ̀ ló rí lọ́dún, wọ́n gba ìdíje méjì mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ ó gbá 13 níbi tí kíkan ti ń kan jù, ó gba ife, ó sì ṣílẹ̀kùn Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé fún gbogbo wa. Osimhen dé àṣekágbá ní ìdíje 2023, Côte d'Ivoire gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ipò kẹta ni Nàìjíríà ṣe ní èyí tó tẹ̀ lé e. Oṣù Kejìlá 1998 ni wọ́n bí i, àsìkò ṣì wà. Bó bá gba ife Áfíríkà kan, tí góòlù rẹ̀ níbẹ̀ sì di mẹ́wàá, èmi yóò yí ìdájọ́ yìí padà, kódà bí kò bá fi góòlù kan ṣoṣo kún ti São Tomé.